Orí Kẹfà: Jíìnì Tó Ń Dá Sẹ́ẹ̀lì Dúró àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Ní Etíkan àti ní àwọn ìlú orí omi Ìlàjẹ yòókù, inú wíwú kì í ya ènìyàn lẹ́nu. Ẹ̀fọn pọ̀ ní irà àti etí ọ̀sà, ibà kì í sì í dáwọ́ dúró láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ibà bá ń ṣe lemọ́lemọ́, ọlọ́ inú rẹ̀, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, á máa tóbi sí i. Bí apẹja kan bá wá rí i pé ìhà òsì òun ń le, tó ń rù, tó ń làágùn lóru, tí òkèlè díẹ̀ sì ti ń yó o, ibà ni àwọn ará ilé á kọ́kọ́ pè é. Wọn á se agbo, wọn á ra oògùn ibà tẹ̀lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibà náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àrùn mìíràn wà tó ń wú ọlọ́ inú bákan náà, tí oògùn ibà kò sì ràn. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni.

Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan wà tó lè pa ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Òmíràn wà tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ìyẹn la ń pè ní ọlọ́jọ́ pípẹ́, òun sì ni orí yìí dá lé. Oríṣi méjì pàtàkì ló ní. CML (chronic myeloid leukaemia) máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ìyá sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà á wá pọ̀ kọjá ààlà. CLL (chronic lymphocytic leukaemia) ní tirẹ̀ jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì B, èyí tó yẹ kó máa pèsè èròjà ìdáàbòbò ara. Wọn á kún inú ẹ̀jẹ̀, ọlọ́ inú, kókó ọrùn àti ti abíyá, láì lè ṣe iṣẹ́ tí ara dá wọn fún. Orúkọ àwọn méjèèjì jọra, ìrìn wọn yàtọ̀. Síbẹ̀, nínú àwọn méjèèjì, ìgbà tí jíìnì tó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró bá bàjẹ́ ni apá oníṣègùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ká àrùn náà mọ́.

Iṣẹ́ tí àwọn jíìnì yìí ń ṣe

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti Etíkan lọ sí Igbókọ̀dá mọ̀ pé nǹkan méjì ni ọwọ́ awakọ̀ kì í jìnnà sí: ibi tó ń yí kí eré lè pọ̀ sí i, àti bọ́tìnnì tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Bí ibi eré bá há, tí kò padà sẹ́yìn mọ́, ọkọ̀ á máa sá ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n awakọ̀ ṣì lè tẹ bọ́tìnnì. Bí bọ́tìnnì náà bá tún bàjẹ́, ewu dé. Sẹ́ẹ̀lì ní irú nǹkan méjèèjì nínú. Àwọn jíìnì kan ń rọ̀ ọ́ láti dàgbà kó sì pín sí méjì. Àwọn mìíràn ń dá a dúró nígbà tí kò bá yẹ kó pín, tàbí kí wọ́n pa á bí ara rẹ̀ bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn tó ń dá a dúró yìí là ń pè ní jíìnì adènà-jẹjẹrẹ.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín wọn tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú. Ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù wa ní nínú ọ̀pọ̀ jùlọ jíìnì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí jíìnì tó ń rọ sẹ́ẹ̀lì bá yí padà, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó bá yí ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ní ti jíìnì adènà-jẹjẹrẹ, ẹ̀dà kejì sábà máa ń kún ojú ìwọ̀n, àfi ìgbà tí òun náà bá lọ. Alfred Knudson ló fi èyí hàn ní 1971, nígbà tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ojú tó ń ṣe ọmọdé ní Amẹ́ríkà: ọmọ tó bá jogún ẹ̀dà kan tó ti bàjẹ́ ń ní àrùn náà ní kékeré, lójú méjèèjì lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé àdánù kan ṣoṣo ló kù fún un. Ní 1986 ni wọ́n rí jíìnì náà fúnra rẹ̀, RB1, lórí krómósómù 13.

Ìtàn TP53, jíìnì adènà-jẹjẹrẹ mìíràn, gùn ju ìyẹn lọ, ó sì yẹ ká sọ ọ́, nítorí pé òun ni orúkọ rẹ̀ máa wáyé jù lọ nínú orí yìí. Ní 1979 ni David Lane ní London, Arnold Levine àti Lloyd Old ní Amẹ́ríkà, ṣalábàápàdé purotéènì tí jíìnì náà ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní p53. Fún ọdún mẹ́wàá ni àwọn onímọ̀ fi gbà pé ńṣe ló ń ti jẹjẹrẹ síwájú. Ẹ̀dà tí wọ́n ń lò nínú yàrá àyẹ̀wò ló ti yí padà kí wọ́n tó mọ̀. Ní 1989, àwọn ará yàrá àyẹ̀wò Bert Vogelstein ní Johns Hopkins wo jẹjẹrẹ ìfun, wọ́n sì rí i pé àìsí p53 tó pé ni ìṣòro náà. Lónìí, a mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ tó ń ṣe ènìyàn ló ní àyípadà nínú TP53. Erin, tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó sì ń pẹ́ láyé, kì í sábà ní jẹjẹrẹ. Ní 2015 ni àwọn olùwádìí kà á pé ẹ̀dà 20 jíìnì yìí ló wà nínú rẹ̀.

Báwo ni p53 ṣe ń ṣiṣẹ́? Nígbà tí ara bá le, purotéènì mìíràn, MDM2, ń run ún bí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe é, kó má baà pọ̀ jù. Bí DNA bá ṣẹ́, purotéènì kan tó ń jẹ́ ATM á mọ̀, á sì ránṣẹ́. Ìparun náà á dáwọ́ dúró, p53 á kóra jọ. Á kọ́kọ́ jẹ́ kí purotéènì p21 dá ìpínyà sẹ́ẹ̀lì dúró kí àtúnṣe lè wáyé. Bí àtúnṣe kò bá ṣeé ṣe, á pe àwọn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì láti inú. Mẹ́rin-mẹ́rin ni purotéènì yìí ń so pọ̀ kó tó lè di DNA mú, nítorí náà, ẹ̀dà kan tó yí padà lè ba ti ẹ̀dà tó pé jẹ́ nínú ìsopọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí òfin Knudson kò fi bá TP53 mu pátápátá, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kà á sí ohun tí kò ní àyàfi.

Ilé-Ifẹ̀ àti oògùn CML

Nínú CML, jíìnì tó ń rọ sẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ há. Ní 1960, Peter Nowell àti David Hungerford rí krómósómù kan tó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn aláìsàn ní ìlú Philadelphia, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Janet Rowley ní Chicago ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1973: krómósómù 9 àti 22 ló pààrọ̀ ìdì. Ibi tí wọ́n ti so pọ̀ yìí ló bí jíìnì àjèjì kan, BCR-ABL, tí purotéènì rẹ̀ ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì tọ̀sán-tòru pé kó máa pín. Imatinib, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Glivec, ń jókòó sí ibi tí purotéènì náà ti ń gba agbára, àṣẹ náà á sì dẹ́kun. Brian Druker ní Oregon ló ṣáájú àwọn tó dán an wò lára ènìyàn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Karùn-ún 2001.

Iye owó rẹ̀ nígbà náà tó 26,000 dọ́là lọ́dún. Ta ni ó fẹ́ san án ní etíkun Ìlàjẹ? Àjọ Max Foundation àti ilé-iṣẹ́ Novartis dá ètò kan sílẹ̀ láti máa fún àwọn tí kò lè rà á lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ sì di ibi tí wọ́n ti ń gbà á ní Nàìjíríà láti 2003, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 sọ nípa aláìsàn 98 tó gba oògùn náà láàárín oṣù Kẹjọ 2003 sí oṣù Kẹjọ 2007: ọkùnrin 56, obìnrin 42. Ọmọ ọdún 11 ló kéré jù, ẹni ọdún 65 ló dàgbà jù. Ọdún 36 ni ọjọ́ orí ẹni tó wà láàárín. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún 65 ni. Ẹni ọdún 36 ní ọmọ nílé, ó ní ọkọ̀ àti àwọ̀n lómi. Ohun tí ìyàtọ̀ yìí túmọ̀ sí fún ìdílé kò kéré rárá.

Láti Etíkan, ọkọ̀ ojú omi lèrò máa wọ̀ kó tó rí títì, lẹ́yìn náà Òkìtìpupa, Orè, Oǹdó, kó tó wọ Ilé-Ifẹ̀. Oògùn ọ̀fẹ́ ni, owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìrìn yìí kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, nítorí pé imatinib kò wo CML sàn ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ojoojúmọ́ ni a ń lò ó. Ní 2010, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Hammersmith ní London tẹ̀lé aláìsàn 87 tí wọ́n ń lo oògùn náà. Nínú àwọn tó lò ju ìdá 90 nínú 100 oògùn wọn lọ, ìṣirò wọn fi hàn pé nǹkan bí 94 nínú 100 ni BCR-ABL wọn máa lọ sílẹ̀ gan-an láàárín ọdún mẹ́fà. Fún àwọn tí kò lò tó bẹ́ẹ̀, 28 péré ni. Apẹja Ìlàjẹ tó bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pẹja ní etíkun Benin tàbí Cameroon fún oṣù bíi mélòó kan gbọ́dọ̀ gbé oògùn tó máa tó o dání. Dókítà tí kò bá béèrè ibi tí aláìsàn rẹ̀ ń lọ pẹja kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ni èyí kan jíìnì adènà-jẹjẹrẹ? Ó kàn án gidigidi. Níwọ̀n ìgbà tí BCR-ABL bá ṣì ń ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì ń pín léraléra, DNA rẹ̀ sì ń bàjẹ́ bó ti ń pín. Ọjọ́ kan á dé tí ọ̀kan nínú wọn á pàdánù ohun tó ń dá a dúró. Nígbà náà ni CML á kúrò ní ìpele tó ń rọra rìn, á sì di èyí tí sẹ́ẹ̀lì tí kò gbó ń tú jáde láti inú mùdùnmúdùn, tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á gbẹ, tí àkóràn á bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìyípadà náà bá gba ọ̀nà myeloid, ìran sẹ́ẹ̀lì funfun tí CML ń mú pọ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló máa ń ní àyípadà TP53. Nígbà mìíràn, gbogbo apá kúkúrú krómósómù 17, tí TP53 wà lórí rẹ̀, ló ń sọnù. Bó bá gba ọ̀nà lymphoid, ìran tí sẹ́ẹ̀lì B wà, ẹ̀dà méjèèjì CDKN2A ni nǹkan bí ìdajì wọn ti pàdánù. Jíìnì yẹn ló ń ṣe p16, adènà mìíràn. Imatinib tí aláìsàn ń lò láìfo ọjọ́ kan ń dáàbò bo TP53 rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn náà kò fọwọ́ kan TP53 rárá.

CLL: ohun tó sọnù ni àrùn náà

Nínú CLL, kò sí jíìnì àjèjì kan ṣoṣo tí gbogbo aláìsàn ní bíi BCR-ABL. Ohun tó sọnù ló ṣe pàtàkì. Ní 2000, Hartmut Döhner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi àyẹ̀wò tó ń fi àwọ̀ tó ń tàn lẹ̀ mọ́ krómósómù wo aláìsàn 325. Apá gígùn krómósómù 13 ni ìdá 55 nínú 100 wọn ti pàdánù díẹ̀ lára rẹ̀. Ìdá 18 pàdánù lára krómósómù 11, níbi tí ATM wà. Ìdá 16 ní krómósómù 12 mẹ́ta dípò méjì. Ìdá 7 péré ló pàdánù apá kúkúrú krómósómù 17. Ẹ wo bí ọjọ́ ayé wọn ṣe yàtọ̀: àwọn tí krómósómù 13 nìkan kàn, ẹni tó wà láàárín wọn lo oṣù 133; ti krómósómù 11, oṣù 79; ti krómósómù 17, oṣù 32. Orúkọ àrùn kan náà ni wọ́n kọ sí káàdì gbogbo wọn.

Ti krómósómù 13 yẹn dá àwọn onímọ̀ láàmú fún ìgbà pípẹ́. RB1 wà nítòsí ibẹ̀, wọ́n rò pé òun ni, kì í ṣe òun. Wọ́n wá jíìnì tó ń ṣe purotéènì títí, wọn kò rí ọ̀kan tó bá a mu. Ní 2002 ni George Calin àti Carlo Croce fi hàn pé ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣe purotéènì kankan: RNA kékeré méjì ni, miR-15a àti miR-16-1. Ní 2005 ni wọ́n wá rí i pé iṣẹ́ wọn ni láti dín BCL2 kù. BCL2 ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kú. Bí RNA méjèèjì bá sọnù, BCL2 á pọ̀, sẹ́ẹ̀lì B tó yẹ kó ti kú tipẹ́ á sì máa gbé inú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ló ṣàlàyé ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ CLL: ohun tó mú kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀ ni pé wọn kì í kú, ju pé wọ́n ń yára pín lọ.

Ti krómósómù 17 kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó pàdánù apá kúkúrú rẹ̀, ó lé ní 80 nínú 100 tí ẹ̀dà TP53 tó kù náà ti yí padà. Fludarabine, cyclophosphamide àti chlorambucil, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú CLL fún ọ̀pọ̀ ọdún, ń ṣiṣẹ́ nípa bíba DNA sẹ́ẹ̀lì jẹ́; p53 ló yẹ kó rí ìbàjẹ́ náà kó sì pa sẹ́ẹ̀lì. Bí p53 kò bá sí, oògùn á ba DNA jẹ́ lásán, sẹ́ẹ̀lì á sì yè. Èyí tó burú jù ni pé nínú aláìsàn kan, sẹ́ẹ̀lì tí TP53 wọn ti bàjẹ́ lè kéré níye níbẹ̀rẹ̀. Oògùn á pa àwọn yòókù, àwọn wọ̀nyí á sì ṣẹ́kù, wọn á wá gba gbogbo ilé. Nítorí náà ni ìlànà àgbáyé fi sọ pé kí wọ́n yẹ TP53 wò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò bí àrùn bá padà, kí wọ́n tó yan oògùn mìíràn.

Oògùn tí kò nílò p53 ti wà báyìí. Ibrutinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún CLL ní 2014, ń dí ìránṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì B fi ń wà láàyè. Venetoclax ń mú BCL2 fúnra rẹ̀. Ní 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, fún àwọn tó ti pàdánù apá kúkúrú krómósómù 17 gan-an. Kò sí ohun tó wú onímọ̀ lórí tó èyí: ìwádìí tó ṣàlàyé krómósómù 13 tọ́ka sí BCL2, oògùn tó sì mú BCL2 ló wá ran àwọn aláìsàn krómósómù 17 lọ́wọ́.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Zaria láyé àtijọ́ ti ṣàkíyèsí pé CLL níhìn-ín kò rí bí ìwé òyìnbó ṣe kọ ọ́. Ní Yúróòpù, àrùn àgbàlagbà ni, ọkùnrin ló sì pọ̀ nínú wọn. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀wọ́ kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, àwọn ọ̀dọ́ tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, tí ọlọ́ inú wọn sì tóbi gan-an. Ibà sì ń fa ìwú ọlọ́ inú bákan náà. Báwo la ṣe máa mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Ní 1991, Imelda Bates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Kumasi, ní Ghana, lo jíìnì láti dáhùn. Bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì B bá ti ọ̀dọ̀ ìyá sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo wá, jẹjẹrẹ ni. Bí wọ́n bá ti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi wá, ibà ló ru wọ́n sókè. Wọ́n tún rí àwọn kan tí wọ́n ń ṣe bí oníbà, àmọ́ tí sẹ́ẹ̀lì wọn ti ń ti ọ̀dọ̀ ìyá sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo wá.

Ní 2013, ìwádìí láti MD Anderson ní Houston àti Duke ní North Carolina fi àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní CLL wé àwọn yòókù. Ìpàdánù lára krómósómù 11 tàbí 17 wọ́pọ̀ lára àwọn dúdú ju lára àwọn yòókù lọ. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston, ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Kò tọ́ ká gbé ìyàtọ̀ yẹn wá sí Ìlàjẹ láì ṣe ìṣirò tiwa, ṣùgbọ́n ó tó ìdí láti béèrè fún àyẹ̀wò.

Ìbéèrè nípa bẹntirólù kì í kúrò lẹ́nu àwọn ará etíkun, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ọwọ́ ni wọ́n fi ń rọ ọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, èéfín rẹ̀ ni wọ́n ń fà símú. Benzene wà nínú rẹ̀. Àjọ tó ń ṣèwádìí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, tó wà ní Lyon, sọ ní 2018 pé ẹ̀rí ti tó pé benzene ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ oníyára kan. Ní ti CML àti CLL, wọ́n rí ìbátan, ẹ̀rí náà kò tíì tó. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu fa bẹntirólù nínú rọ́bà.

Ní Nàìjíríà, chlorambucil ni ọ̀pọ̀ aláìsàn CLL ṣì ń rí gbà, nítorí pé ó wọ́n níwọ̀n, ó sì jẹ́ oògùn oníhóró tí wọ́n lè gbé lọ sílé. Fún ẹni tí TP53 rẹ̀ pé, ó ń ràn án lọ́wọ́. Fún ẹni tí tirẹ̀ ti lọ, owó àti oṣù ló ń ṣòfò. Dókítà tí kò bá rí àyẹ̀wò ṣe kò lè mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì, àyẹ̀wò TP53 kò sì tíì di ohun tí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ etíkun ń ṣe.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó ń tọ́jú CML ti fi hàn. Max Foundation àti yàrá àyẹ̀wò Jerald Radich ní Seattle dá ètò kan sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kán ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sórí bébà, tí ẹ̀jẹ̀ náà á gbẹ, tí wọ́n á sì fi ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè tí kò ní ẹ̀rọ, láì lo yìnyín, kí wọ́n lè wọn BCR-ABL inú rẹ̀. RNA ni wọ́n ń wọn níbẹ̀, RNA sì máa ń tètè bàjẹ́. DNA ni àyẹ̀wò àyípadà TP53 nílò, DNA sì lágbára jù ú lọ fún ìrìn-àjò. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà ní ilé ìwòsàn ìjọba Igbókọ̀dá lówùúrọ̀ lè dé Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú, DNA rẹ̀ á sì ṣì dára fún kíkà. Yàrá àyẹ̀wò kan ṣoṣo ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn tó bá gbà láti máa ka TP53 fún gbogbo ilé ìwòsàn agbègbè náà á tó láti bẹ̀rẹ̀.